Ta Ló Jẹ Àgbà ní Ṣílè Mẹ́wàá àti Sísì?

 Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ṣí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí, ewì ìfẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ wá. Ewì ń bẹ níwájú, ẹ fara balẹ̀ fún mi díẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ gbèsè ni mo gbé wá, kì í sì í ṣe gbèsè ìrẹsì tí a jẹ lọ́wọ́ Ìyá Búkà.

Ìbéèrè mi rèé. Bí èèyàn mẹ́wàá bá dáwó jọ, tí wọ́n fi kọ́lé, tí wọ́n wá ní kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ wọlé nítorí pé òjò ti ṣú, ṣé ó tọ̀nà kí àwọn ọmọ náà ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó dáwó síta? Tí àwọn ará ìta bá sì kanlẹ̀kùn, ṣé ó yẹ kí ẹni tó wà nínú dáhùn pé, "Ẹ dúró ná, a ó ṣàánú yín tí àyè bá ṣẹ́kù"?

Mo mọ̀ pé gbogbo yín ló máa sọ pé rárá. Àmọ́ bí a ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àgbà nílẹ̀ wa gan-an nìyẹn. Tí ìjọba bá fi owó díẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn àgbàlagbà lè kọ́ bí a ṣe ń kọ bí a ṣe ń kà, wọ́n á ṣe é bí ẹni ń pín ìrẹsì Kérésì. Wọ́n á gbé kámẹ́rà wá, ìyá arúgbó kan á mú ṣọ́ọ̀kì dání, wọ́n á yà á ní fọ́tò, gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́. Nígbà tí owó bá wá dín, ẹ̀kọ́ àgbà ni wọ́n máa kọ́kọ́ gé. Èèyàn kì í bínú sí ẹni tó dáwọ́ ìtọrẹ dúró, àbí?

Èmi ò gbà pé ìtọrẹ ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: owó tí ìjọba bá ná lórí ẹ̀kọ́ àgbàlagbà, gbèsè ni wọ́n ń san. Àwa tí a jókòó sí yunifásítì yìí sì wà lára àwọn tó jẹ gbèsè náà.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti Ọ̀wọ̀, torí pé Ọ̀wọ̀ wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti ṣí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ní gbangba ní 28 April 1951. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni Michael Adékúnlé Ajásin, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ yunifásítì Àkùngbá. Ọ̀gá ilé-ìwé Imade College ló jẹ́ nígbà náà, òun ló sì kọ ìwé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ náà gbé ìlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀ lé. Ní July 1952, S. O. Awókọ́yà tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ gbé àbá náà dé iwájú ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tó di 17 January 1955, lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ilẹ̀kùn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣí lọ́fẹ̀ẹ́. Bíi 457,000 ọmọ ló wà nílé-ìwé ní 1954. Ní 1955 wọ́n ti lé ní 811,000. Láàárín ọdún kan péré o!

Gbogbo wa la mọ apá yẹn nínú ìtàn náà, a sì máa ń fi yangàn. Apá tí a kì í sọ ni pé kò sí ọ̀fẹ́ kan tí ẹnì kan ò sanwó rẹ̀. Ní 1953 ìjọba gbé owó tuntun ka àwọn tó ń san owó orí lórí, fún ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera: ṣílè mẹ́wàá àti sísì. Ẹ má fi ojú owó òde òní wò ó o, owó ńlá ni lọ́wọ́ àgbẹ̀ ayé ìgbà yẹn. Ariwo ta, inú bí àwọn èèyàn, wọ́n sì ka ìbínú yẹn mọ́ ohun tó jẹ́ kí Action Group fìdí rẹmi nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954 lórí ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣàkóso. Síbẹ̀, wọ́n san án. Yàtọ̀ sí ìyẹn, owó mìíràn tún wà tí àwọn àgbẹ̀ oníkòkó ń san láìfojú rí i. Àjọ tó ń ra kòkó, tí wọ́n ń pè ní Marketing Board, kì í fún wọn ní gbogbo iye tí kòkó ń pa lókè òkun. Ó ń yọ nínú rẹ̀ pa mọ́, ìjọba sì ń mú nínú èyí tó yọ láti fi ṣe iṣẹ́ ìlú. Àgbẹ̀ tó gbé àpò kòkó rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n ti dá owó ilé-ìwé kó tó gba owó tirẹ̀.

Kí ni àwọn tó dáwó wá rí gbà? Ọmọ wọn rí ilé-ìwé wọ̀, ìyẹn sì tóbi. Àwọn fúnra wọn ńkọ́? Kíláàsì àgbà wà lóòótọ́ láwọn ibì kan, àmọ́ ilẹ̀kùn ńlá tí wọ́n ṣí ní January 1955, ọmọdé ni wọ́n ṣí i fún. Ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó san ṣílè mẹ́wàá àti sísì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọmọ tó ń wọlé, inú rẹ̀ ń dùn. Kò sì sí ẹni tó yíjú padà sí i láti sọ pé, "Ìwọ náà, ìgbà tìrẹ ń bọ̀."

Ẹnì kan nínú yín lè sọ pé ọ̀pọ̀ àwọn wọ̀nyẹn ti kú, gbèsè ti bá wọn lọ. Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá? Tí Mùsùlùmí bá kú, kí wọ́n tó sin ín, ẹbí rẹ̀ á kéde pé ẹni tí òkú bá jẹ lówó kó jáde wá. Gbèsè kì í kú pẹ̀lú ẹni tó jẹ ẹ́. Báwo ló ṣe máa wá kú pẹ̀lú ẹni tí a jẹ? Ẹlòmíràn á ní ìjọba tó gba owó náà ò sí mọ́, pé wọ́n ti pa Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn rẹ́ ní 1967, pé 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó jogún àwọn ilé-ìwé, ó jogún ọ̀nà, ó jogún ọ́físì. Àrólé tó kó ilé àti oko, tó wá ní gbèsè ò kan òun, orúkọ wo là ń pe irú wọn ládùúgbò yín?

Gbèsè náà ò sì dúró lórí àwọn ará 1953 nìkan. Ó ń bí sí i. Ẹ̀gbọ́n màmá mi kan wà tí à ń pè ní Mọ́mì Ìpele. Epo pupa ló ń tà. Nígbà tó wà ní kékeré, wọn ò gba owó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ilé-ìwé ti di ọ̀fẹ́, àmọ́ ọwọ́ tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́ lóko. Òun ni àkọ́bí, ó tún wá jẹ́ obìnrin. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nílé-ìwé kó lè máa pọn àwọn àbúrò, kó sì máa bá wọn fọ́ kòkó. Àwọn àbúrò rẹ̀ kàwé, màmá mi wà lára wọn. Nígbà tó kan àwa ọmọ, owó epo rẹ̀ wà nínú owó tí mo fi wọ yunifásítì. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ó san ti àwọn àbúrò rẹ̀, ó san tèmi, kò sí ẹni tó san tirẹ̀.

Mọ́mì Ìpele lè ṣírò owó kẹ́ẹ̀gì epo ogójì láìmú bírò, kí ẹ̀yin tó rí ibi tí ẹ̀rọ ìṣirò wà lórí fóònù yín. Àmọ́ tí alert báǹkì bá dún lórí fóònù rẹ̀, á kọ́kọ́ wo ojú àwọn ọmọ tó ń kọjá, á yan èyí tó jọ pé kì í ṣòfófó, á wá na fóònù sí i. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Kì í ṣe pé mò ń bẹ̀rù olè. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ ọdún mẹ́wàá á ti mọ iye tí mo ní kí èmi alára tó mọ̀ ọ́n."

Ọ̀rọ̀ yẹn ń yí lọ́kàn mi títí dòní. A máa ń rò pé ohun tí àìmọ̀wéékà ń gbà lọ́wọ́ èèyàn ni ìmọ̀. Ó kéré tán, kì í ṣe ìyẹn nìkan. Ó ń gba àṣírí lọ́wọ́ èèyàn. Ojú àyálò ni ẹni tí kò lè kàwé fi ń ríran. Ẹlòmíràn ló máa ka ìwé àyẹ̀wò tí dókítà kọ nípa ara rẹ̀ fún un. Ẹlòmíràn ló máa sọ ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn ilẹ̀ kí ó tó tẹ̀ka sí i. Ẹlòmíràn ló máa ka lẹ́tà tí ọmọ rẹ̀ kọ sí i, á fo ibi tó bá wù ú, á fi tirẹ̀ kún un. Gbogbo àwọn wọ̀nyí lè jẹ́ èèyàn rere o. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn rere kàwé fún ọ nítorí pé o fẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kó jẹ́ pé o ò lọ́nà mìíràn.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò sọ pé púrúǹtù jẹ́ òmùgọ̀. Èmi tí mò ń kọ́ nípa Yorùbá, mi ò gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, torí àwọn tí kò wọ kíláàsì rí ló ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mò ń kọ́. Oríkì, ìjálá, ẹkún ìyàwó, ẹsẹ Ifá, ẹnu ta ni a ti gbà wọ́n sílẹ̀? Lẹ́kíṣọ̀rà á ní kí á lọ sóko ìwádìí. A ó gbé fóònù dání, a ó jókòó sẹ́sẹ̀ bàbá àgbàlagbà kan, á máa sọ, a ó máa gbà á sílẹ̀. A ó padà sílé, a ó tẹ̀ ẹ́, a ó gba máàkì. Àwọn kan ti fi irú rẹ̀ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Bàbá yẹn ni ìwé tí a lọ kà. Ṣùgbọ́n bí a bá mú iṣẹ́ wa padà lọ fún un, kò lè ka ohun tí a kọ nípa rẹ̀. Kò lè mọ̀ bóyá a purọ́ mọ́ ọn. Àwa tí a kó ọ̀rọ̀ jọ lẹ́nu irú wọn, ṣé a tún lè máa pe ẹ̀kọ́ wọn ní àánú?

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí òfin sọ báyìí. Abala 18 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 sọ pé kí ìjọba sapá láti pa àìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà rẹ́. Ó ka ohun mẹ́rin tí ìjọba máa pèsè lọ́fẹ̀ẹ́: ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ girama, ẹ̀kọ́ yunifásítì, àti ètò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún àgbàlagbà. Àgbà ló kẹ́yìn, àmọ́ ó wà níbẹ̀. Òfin yẹn wá fi gbólóhùn kékeré kan há a lọ́rùn: nígbà tí ó bá ṣeé ṣe. Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni ò tíì gbọ́ gbólóhùn yìí rí lẹ́nu onígbèsè? "Màá san án nígbà tó bá ṣeé ṣe." Kò sẹ́ gbèsè, kò sì dá ọjọ́. Abala 6 inú ìwé òfin kan náà tún wá fi kọ́kọ́rọ́ sí i: ẹnikẹ́ni ò lè gbé ìjọba lọ sílé-ẹjọ́ kìkì nítorí pé kò mú irú ìlérí yìí ṣẹ.

Ṣé gbèsè tí a kò lè pè lẹ́jọ́ ṣì jẹ́ gbèsè? Ìbéèrè tó gbà mí lóorun nìyí. Amòfin lè ní kì í ṣe gbèsè. Àmọ́ Yorùbá ti ń jẹ gbèsè, ó sì ti ń san án, kí kóòtù òyìnbó tó dé. Ohun tó ń mú un san án ni pé a ò gbọ́dọ̀ pè é ní ẹni tí kì í ṣe ọmọlúàbí. Ká ní ilé-ẹjọ́ nìkan ló ń sọ gbèsè di gbèsè, a jẹ́ pé ẹni tí agbára rẹ̀ bá ju ti ẹlòmíràn lọ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan láé. Lójú tèmi, ibi tí kóòtù ò bá dé gan-an la ti ń mọ ọmọlúàbí. Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ìjọba náà lè jẹ́ ọlọ́ṣà lọ́nà yẹn, láìfọ́ ilé ẹnikẹ́ni.

Owó ńkọ́, ṣé kò sí ni? Òfin ẹ̀kọ́ UBE ti 2004 ní kí wọ́n máa yọ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ ìjọba àpapọ̀ fún ètò yìí. Níbi tí òfin náà ti túmọ̀ ẹ̀kọ́ tó ń sọ, ó ka mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àgbà mọ́ ọn, ó kà á ketekete. Ṣùgbọ́n nígbà tó di orí pínpín, ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún owó ìrànwọ́ tó ń lọ sí àwọn ìpínlẹ̀ ni pé kí ìdá 5 lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, ìdá 60 sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìdá 35 sí girama kékeré. Ẹ ro ó pọ̀. Ọgọ́rùn-ún pé géérégé. Wọ́n kọ orúkọ àgbà sínú ìwé ìpè, wọn ò bu oúnjẹ sí abọ́ rẹ̀.

Lóòótọ́, àgbà ní àjọ tirẹ̀. Òfin 17 ti 1990 dá àjọ kan tí wọ́n ń pè ní NMEC sílẹ̀ fún un, ìpínlẹ̀ náà sì ní tiwọn. Òfin Ìpìlẹ̀ tún ka ẹ̀kọ́ àgbà mọ́ iṣẹ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ yóò bá ìpínlẹ̀ ṣe, èyí tó túmọ̀ sí pé ó kan Ọ̀wọ̀, ó sì kan Ọ̀sẹ́ ní Ifọ́n. Ìjọba mẹ́ta! Bí ìyá mẹ́ta bá jọ ń tọ́ ọmọ kan, tí kálukú rò pé èkejì ti fún un lóúnjẹ, ebi ni ọmọ ọ̀hún máa gbé sùn. Tẹ́lẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ a máa sọ pé owó ò dé ọ̀dọ̀ àwọn, pé ìpínlẹ̀ ló dì í mú. Ní 11 July 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Láti ọjọ́ náà, àwáwí yẹn ti di èyí tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi ojú tó mọ́ wò.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan lọ̀rọ̀ ti rí báyìí o. Nínú ìròyìn tí UNESCO gbé jáde ní 2019 lórí ẹ̀kọ́ àgbà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún àwọn orílẹ̀-èdè tó fèsì tó ní àwọn ò ná tó ààbọ̀ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹ̀kọ́ wọn lórí àgbà. Àmọ́ pé adẹ́tẹ̀ pọ̀ lọ́jà kò sọ ẹ̀tẹ̀ di ìlera.

Àtakò tó lágbára jù tí mo ti gbọ́ nìyí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ọrọ̀-ajé bi mí pé, "Tí náírà kan ṣoṣo bá wà lọ́wọ́ rẹ, ṣé ọmọ ọdún mẹ́fà tó máa lò ó fún ọgọ́ta ọdún lo máa fún, àbí ẹni ọgọ́ta ọdún?" Ìbéèrè gidi ni, mi ò ní fi ẹ̀fẹ̀ gbé e sọnù. Awólọ́wọ̀ àti Ajásin dáhùn pé ọmọ ló kàn. Ẹlòmíràn tí òun náà kì í ṣe ọmọdé nínú ọ̀rọ̀ òṣèlú dáhùn lọ́nà mìíràn. Ní 1964, Julius Nyerere sọ fún àwọn aṣòfin Tanganyika pé àgbà ni kí àwọn kọ́kọ́ kọ́, torí pé yóò pẹ́ kí ẹ̀kọ́ ọmọdé tó hàn nínú ọrọ̀-ajé ìlú, nígbà tí àgbà ti wà nídìí iṣẹ́ báyìí. Wọ́n sì pe odidi ọdún 1970 ní ọdún ẹ̀kọ́ àgbà ní Tanzania.

Ta ló tọ̀nà nínú wọn? Mo rò pé àwọn méjèèjì ló lè tọ̀nà, torí pé ohun tí wọ́n ń jiyàn lé ni ẹni tó máa kọ́kọ́ wọlé. Àṣìṣe tiwa bẹ̀rẹ̀ níbi tí a ti sọ "kọ́kọ́" di "nìkan." Kí ọmọ kọ́kọ́ jẹun kò burú, màmá tó gbọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ jẹ yó fún àádọ́rin ọdún, kí a ṣì máa sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó dúró, ìyẹn ti kúrò ní ètò, ó ti di ìrẹ́jẹ. Yàtọ̀ sí èyí, ìṣirò ọ̀rẹ́ mi yẹn ka èèyàn bí ẹ̀rọ: ọdún mélòó ló kù tó máa fi ṣiṣẹ́? A kì í bi ẹni tí a jẹ ní gbèsè pé ọdún mélòó ló kù tó máa fi ná owó náà. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan péré, tirẹ̀ ni. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Wọn ò sọ pé kí á fi ọ̀kan dá a.

Àwọn mìíràn á ní àgbà ò tiẹ̀ fẹ́. Ẹ wá gbọ́. Lọ́dún tó kọjá, mo bá ọ̀rẹ́ mi kan dé ìlú kan ní Ọ̀sẹ́ tí mi ò ní dárúkọ. Kíláàsì àgbà ń lọ nírọ̀lẹ́ níbẹ̀. Obìnrin ló pọ̀ jù, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kéékèèké, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ìyá kan kọ orúkọ ara rẹ̀ tán, ó fi ìka tẹ̀ lé e lẹ́yọ lẹ́yọ bí ẹni ń fọwọ́ kan ojú ọmọ tuntun, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á rẹ́. Nígbà tí a padà débẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kò sí kíláàsì mọ́. Owó táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún olùkọ́ náà kò wọlé mọ́, ọ̀kadà ló ń gùn báyìí. Àwọn obìnrin yẹn ṣì ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ìgbà wo ni wọ́n máa wọlé padà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sá nínú wọn? Àgbà ò sá. Owó ló sá.

Ọ̀rọ̀ èdè náà tún wà níbẹ̀, àwa sì lọ̀rọ̀ èdè kàn jù. Àgbà kì í bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà pẹ̀lú èdè tí kò gbọ́. Ní Ọ̀wọ̀, Yorùbá inú ìwé fi díẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹnu. Ní Ìdóàní, àwọn kan wà tó jẹ́ pé Iyayu ni èdè ìyá wọn, Yorùbá ló ṣìkejì. Ẹni tó máa kọ́ irú àwọn wọ̀nyí gbọ́dọ̀ mọ èdè dáadáa, ìwé tí wọ́n á kà sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa oko, ọjà àti ara wọn. Iṣẹ́ owó nìyẹn, iṣẹ́ àwa tí a ń kọ́ nípa Yorùbá sì ni. Ẹ lè ní mò ń wá iṣẹ́ fún ara mi. Bẹ́ẹ̀ ni jàre, kí ló burú ńbẹ̀? Àwọn tó mọ Yorùbá kọ ń wá iṣẹ́, àwọn tó fẹ́ kà á ń wá olùkọ́, ohun tó yẹ kó so wọ́n pọ̀ ò ju owó oṣù lọ.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dára. Ní 1961, àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní 100,000 ní Kúbà lọ sí abúlé, àwọn àgbà tó lé ní 700,000 sì mọ̀wéé kà láàárín ọdún kan. Àmọ́ ìjọba wọn ló ṣètò rẹ̀: ó tẹ ìwé, ó pèsè àtùpà, ó sì rí sí bí wọ́n ṣe máa débẹ̀. Tí a bá lọ nígbà ọlidé, á ṣe wọ́n lóore. Tí ọlidé bá wá parí ńkọ́? Ìfẹ́ ọ̀dọ́ lè bẹ̀rẹ̀ kíláàsì. Ohun tó ń mú un dúró ni kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìṣúná ọdọọdún. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí pé ìjọba náà wà lára ọmọ tí òkété yìí fi ọmú bọ́.

Láyé àtijọ́, tí àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà bá ta aṣọ àwìn, tí onígbèsè ò san án, wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí owó á fi jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní Òṣómàáló.  Wọ́n á lóṣòó, gbogbo ẹni tó ń kọjá á sì mọ̀ pé gbèsè wà nínú ilé yìí. Àwọn àgbà Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ ò ní Òṣómàáló. Oko àti ọjà ò jẹ́ kí wọ́n ráyè lóṣòó, wọn ò sì lè ka ìwé ìṣúná tí wọ́n kọ gbèsè wọn sí, tàbí tí wọn ò kọ ọ́ sí.

Àwa lè kà á. Ẹni tó bá ti Ọ̀wọ̀ wá, Ìpele, Ùsò, Emùrè-Ilé, ẹni tó bá ti Ifọ́n wá, Ìdóàní, Ìdógun, tí o bá délé lọ́jọ́ ọlidé, lọ sí ọ́físì ìjọba ìbílẹ̀ rẹ. Kí wọn dáadáa, dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ bó ti yẹ ọmọ tí a kọ́. Wá béèrè pé: èló lẹ fi sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àgbà lọ́dún yìí? Èló ló jáde nínú rẹ̀? Olùkọ́ mélòó lẹ sanwó fún? Tí wọ́n bá ní kó o padà wá lọ́la, padà lọ lọ́la. Kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, kí o sì kà á sókè fún àwọn àgbà ládùúgbò rẹ. Tí wọ́n bá bi ọ́ pé kí ló kàn ọ́ níbẹ̀, sọ fún wọn pé àwọn kan san ṣílè mẹ́wàá àti sísì ní 1953, pé o ti jẹ níbẹ̀, pé o ò sì fẹ́ kí wọ́n pe ìwọ náà ní ọlọ́ṣà.